Àwọn Tó Yára Jù Ló Ń Kọ́kọ́ Tán

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò sọ ní Òṣogbo. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráàyè wá, mo sì fi díẹ̀ lára ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngán náà sí i.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi dandan kó wá síbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ rí àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò ìrìn gáàsì tó ń yí padà di gáàsì mìíràn, àwọn kan nínú yín ti ń wo ibi tí wọ́n á gbà sá lọ. Ẹ má tíì lọ. Ìkòkò aró la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbí ni pé nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú dó gé igi, tí igi náà wó lu odò, ohùn kan ké jáde pé, "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!" Tèmi kọ́ ni ìkòkò tó fọ́ lónìí. Aṣọ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí mọ̀ pé inú ìkòkò kọ́ ni aṣọ ti ń di dúdú. Bí wọ́n bá fà á yọ, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ewé tó fẹ́ẹ́ pọ́n. Wọ́n á fọn omi rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ ká, ojú yín báyìí ni yóò sì máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di aró. Àlejò tó bá rí i á ní idán ni. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló wá bá ẹ̀lú tó ti yòrò sínú fọ́nrán òwú, ó kọlù ú, ó sì sọ ọ́ di ohun tí omi kò lè yọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni aró ti ń mú aṣọ.

Onímọ̀ kẹ́míkà tó bá wà níjòókòó lè fẹ́ bá mi jà pé orí aṣọ tútù nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, pé kì í ṣe gáàsì pẹ̀lú gáàsì. Òótọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé nǹkan méjì pàdé, wọ́n kọlu ara wọn, nǹkan kẹta sì ti ibẹ̀ jáde. Ìbéèrè tó gbé mi wá ni pé: nínú gbogbo ìkọlù tó ń ṣẹlẹ̀, èwo ló ń bímọ, èwo ló sì ń já sófo?

Ẹ wo afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngán yìí. Nínú àyè tí hóró ṣúgà onígun kan lè gbà, mólékù (wóró kéékèèké tó para pọ̀ di gáàsì) tó wà níbẹ̀ tó 25 tí odo 18 tẹ̀lé. Eré tí mólékù náítírójìn kan ń sá, ní ìpíndọ́gba, tó 470 mítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yára ju ohùn mi tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ, nítorí nǹkan bíi 343 mítà ni ti ohùn. Àmọ́ kò rìn jìnnà. Ẹ mú fọ́nrán irun orí kan, kí ẹ la ìbú rẹ̀ sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Nǹkan bí ìdá kan nínú rẹ̀ ni mólékù yẹn ń rìn kó tó forí sọ òmíràn. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 7 ìgbà ló ń kọlu ẹlòmíràn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀, náítírójìn àti ọ́síjìn jọ ń gbé inú yàrá kan náà láti àárọ̀, wọn ò sì bí nǹkan kan.

Láti 1738 ni Daniel Bernoulli ti sọ pé ohun tó ń ti ara agolo láti inú ni àwọn wóró kéékèèké tó ń gbá a lójú. Ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó gbà á. Ní 1860, James Clerk Maxwell, ọmọ Scotland, gbé ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù: ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré kan náà ni gbogbo wọn ń sá. Ẹ dúró sí Ọláìyá ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kòròpé kan ń rọra fà nítorí èrò tó ń wá, màrúwá ń bọ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń rìn ní ìwọ̀nba, ọ̀kadà kan á wá já wọ àárín bí ẹni tí wọ́n lé. Bí ẹ bá ka iye ọkọ̀ tó ń sá eré kọ̀ọ̀kan tí ẹ sì yà á sórí ìwé, òkè kan ni ẹ ó rí: ó ga láàárín, ó gé wálẹ̀ lápá òsì níbi tí àwọn onífàá wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún sì fà lọ gbọọrọ. Inú ẹsẹ̀ gbọọrọ yẹn ni àwọn asáré wà. Wọn ò pọ̀ rárá. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, torí wọn ni mo ṣe wá.

Lẹ́yìn Maxwell ni Ludwig Boltzmann, ará Austria, ní 1872. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé ó di alájọ fún gáàsì. Ẹ mọ alájọ tó ń yí ká Ọjà Ọba, tó ní ojú ìwé fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan: èyí tó wọlé, èyí tó jáde. Ìwé Boltzmann kì í ní ojú ewé fún mólékù kọ̀ọ̀kan o, ta ló lè kà wọ́n? Ojú ewé kan wà fún eré kọ̀ọ̀kan: mélòó ló ń sá eré yìí, níbí yìí, ní ìsinsìnyí? Bí méjì bá kọlu ara wọn, àwọn méjèèjì á kúrò ní ojú ewé tí wọ́n wà, wọ́n á bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó ń yára lè fún ẹni tó ń fà ní díẹ̀ lára agbára rẹ̀. Ìdọ́gba Boltzmann kò ju èyí lọ: iye tó wọ ojú ewé kan, kí a yọ iye tó jáde, kí a fi ti àwọn tó kàn ń kọjá lọ síbòmíràn kún un. Ohun tó mú un le ni pé ẹni méjì ló ń jà. Nítorí náà nínú ìṣirò náà, ojú ewé kan ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà ojú ewé mìíràn, gbogbo ìwé sì so kọ́ra.

Boltzmann dá ohun kan tí kò lè jẹ́rìí sí sínú ìṣirò náà. Ó ní kí mólékù méjì tó pàdé, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn, pé eré ọ̀kan kò sọ nǹkan kan nípa eré èkejì. Látinú ìyẹn ló ti fi hàn pé iye kan wà tí ń dínkù nígbà gbogbo, tí kì í pọ̀ sí i, títí gáàsì yóò fi dé orí òkè Maxwell tí yóò sì dúró níbẹ̀. Loschmidt, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, bi í ní 1876 pé: bí ìkọlù kọ̀ọ̀kan bá lè padà sẹ́yìn gẹ́lẹ́ bó ṣe lọ, báwo ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ṣe wá ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo? Ìbéèrè gidi ni. Inú ọ̀rọ̀ "àjèjì" yẹn ni ìdáhùn sápamọ́ sí: ṣáájú ìkọlù ni wọ́n jẹ́ àjèjì, lẹ́yìn ìkọlù wọ́n ti mọ ara wọn. Àwọn gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi Mach àti Ostwald kò tilẹ̀ gbà nígbà náà pé átọ̀mù, wóró tó so pọ̀ di mólékù, wà. Boltzmann kú ní 1906, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀. Èmi kì í fẹ́ yára kọjá ibẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n a ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ibi tí mo dé nìyí tí iná fi lọ.

Ọmọkùnrin kan sáré lọ sẹ́yìn gbọ̀ngán lọ fa jẹnẹrétọ̀. Gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tú fúú. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tú fúú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dáhùn, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi lọ. Mo ní kí wọ́n dúró, pé ẹ̀kọ́ náà ni ọmọ yẹn ń kọ́ wa. Nígbà tó fà á tó tú fúú, afẹ́fẹ́ àti epo ti pàdé nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti kọlu ara wọn láìmọye ìgbà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí púlọ́ọ̀gì tó ta iná, tí ibi bíńtín kan gbóná gidigidi, ni gbogbo rẹ̀ tó gbiná. (Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e jìnnà sí fèrèsé, torí gáàsì olóró tí kò ní òórùn tó wà nínú èéfín rẹ̀ ti pa odindi ìdílé rí.)

Ní 1889, Svante Arrhenius, ará Sweden, sọ pé ẹnu ọ̀nà kan wà tí ìkọlù gbọ́dọ̀ ní agbára tó láti fò kọjá kó tó lè sọ ohun méjì di ohun mìíràn. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Max Trautz ní Jámánì ní 1916 àti William Lewis ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1918 ṣe ìṣirò kan náà láìmọ̀ nípa ara wọn, wọ́n so ọ̀rọ̀ Arrhenius mọ́ mólékù tó ń kọlu ara wọn. Kì í sì ṣe eré nìkan. Ọ̀kadà méjì tó fara ra ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó gùn wọ́n á bú ara wọn, oníkálùkù á bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó forí gbárí ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń di ti ọlọ́pàá. Bákan náà, eré tí mólékù méjì fi ń bọ̀ tààrà sójú ara wọn ló ń ṣí ẹnu ọ̀nà, eré ti ẹ̀gbẹ́ kò ràn án lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ka ọjà. Ẹ mú háídírójìn àti gáàsì áyódìn, èyí tí Max Bodenstein wọ̀n dáadáa ní Jámánì láàrin 1890 sí 1899. Agbára tí ẹnu ọ̀nà wọn ń béèrè tó nǹkan bíi 170 kilojoule fún mole kan (kilojoule ni wọ́n fi ń wọn agbára, mole sì ni iye mólékù kan pàtó tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń kà). Ní ìwọ̀n ooru inú yàrá wa, 300 Kelvin (nǹkan bí 27 lórí Celsius), nínú ìkọlù tó tó 1 tí odo 30 tẹ̀lé, nǹkan bíi 3 péré ló lágbára tó. Ẹ gbé e sórí iná títí yóò fi dé 700 Kelvin. Ní báyìí, nínú ìkọlù tírílíọ̀nù 10, 2 yóò kọjá. Ó ti fi ju ìlọ́po 1 tí odo 16 tẹ̀lé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré wọn ní ìpíndọ́gba: kò tilẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìdajì ló fi lé díẹ̀. Òkè náà kàn sún díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi ìpíndọ́gba wo ayé kò ní rí nǹkan kan níbí.

(Kí olóòótọ́ lè sùn: ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fi gáàsì méjèèjì yìí ṣe àpẹẹrẹ ìkọlù méjì-méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí onímọ̀ kẹ́míkà kan, Sullivan, tó fi hàn ní 1967 pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, átọ̀mù áyódìn wà nídìí rẹ̀. Ti epo inú jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ burú jù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbésẹ̀ tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n ni. Semyonov àti Hinshelwood gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956 lórí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀.)

Wàyí o, kí la ó ṣe sí ìwé alájọ Boltzmann bí gáàsì bá ń di gáàsì mìíràn? Ẹ pe àwọn tó pàdé ní A àti B, kí ẹ pe àwọn tó jáde ní C àti D. Ìwé kan kò tó mọ́, mẹ́rin ni. Bí ìkọlù bá já sófo, mólékù kàn kúrò ní ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn nínú ìwé kan náà. Bó bá bímọ, ó kúrò nínú ìwé A pátápátá, ó di orúkọ tuntun nínú ìwé C. Alájọ gbọ́dọ̀ wá mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ìwúwo kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ipá ìrìn kò gbọ́dọ̀ sọnù. Iye A nìkan lè dínkù, ṣùgbọ́n A pẹ̀lú C kò lè yí padà, nítorí bí A kan bá lọ, C kan ló dé.

Ti agbára ló máa ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Agbára eré nìkan kò pé mọ́. Apá kan wà tó fara pamọ́ sínú ìdè tó so átọ̀mù pọ̀, bí owó tí obìnrin dì mọ́ ìdí ìró; títú ìdè ń gba agbára, ṣùgbọ́n bí ìdè tuntun tí wọ́n dì bá le ju ti àtijọ́ lọ, owó tó ṣẹ́kù á bọ́ sí gbangba. Nítorí náà bí ìyípadà bá ń tú ooru jáde, eré àjàpá kọ́ ni C àti D máa fi jáde. Wọ́n á fò jáde, wọ́n á sì lọ gbá àwọn tó yí wọn ká. Bẹ́ẹ̀ náà la kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ọ̀nà àbọ̀: C àti D náà lè pàdé kí wọ́n padà di A àti B, bí agbára wọn bá tó. Bí a bá kọ lílọ àti bíbọ̀ náà sílẹ̀ dọ́gba-dọ́gba nínú ìwé, iye Boltzmann tí ń dínkù yẹn á tún máa dínkù. Ibi tó máa gúnlẹ̀ sí ni ibi tí gáàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ooru kan náà, tí ìwọ̀n wọn sì tẹ̀ lé òfin tí Guldberg àti Waage ti gbé kalẹ̀ ní Norway ní 1864 láìka mólékù kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí òfin àwọn onímọ̀ kẹ́míkà yẹn yọ jáde látinú ìkọlù lásán, mo pa ìwé dé mo jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì.

Mo wá dé ibi tí mo ti ń sá bọ̀. Ní 1949, Ilya Prigogine àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Brussels béèrè ohun tó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé: àwọn asáré ló ń kọjá ẹnu ọ̀nà, àbí? Tí wọ́n bá kọjá, wọn kì í ṣe A mọ́. Ta ló wá kù nínú ìwé A?

Ẹ ká ní ẹnì kan ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yín láràárọ̀, tó ń kó àwọn ọmọ tó sáré jù lọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó rí mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, kò lè rí mẹ́wàá mọ́, àfi tí àwọn tó kù bá ti fi ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ṣeré ìdárayá tí àwọn kan sì ti yára sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gáàsì. Ìyípadà ń jẹ ẹsẹ̀ òkè Maxwell, ìkọlù tó já sófo ló ń tún un kọ́. Àwọn tí a ń pè ní òfo látàárọ̀ ni olùkọ́ eré ìdárayá tó ń bí asáré tuntun! Bí ìkọlù kan nínú mílíọ̀nù bá ń bímọ, àtúnṣe náà á yá ju ìbàjẹ́ lọ fíìfíì, òfin Arrhenius á sì dúró. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló ń bímọ, ẹsẹ̀ òkè á já, iye tí ìwé sọ pé yóò yí padà kò ní pé mọ́.

Inú máa ń bí mi sí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní iye Arrhenius, ìyẹn bí ìyípadà ṣe ń yára tó, bí ẹni pé orí òkúta ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Iye yẹn kì í ṣe ti ẹnu ọ̀nà nìkan. Ó gbára lé pé òkè Maxwell wà ní pípé, ìyẹn sì ní ìgbà tirẹ̀.

Níbo ni ẹsẹ̀ òkè yẹn ti ń já? Kì í ṣe nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń padà bọ̀ wá sáyé láti ojúpọ̀nà tó yí ayé ká ń bọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 7.8 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ kò ráàyè yà fún un, ó ká jọ, ó gbóná. Láti nǹkan bíi 2,000 Kelvin ni ọ́síjìn ti ń pín sí méjì, láti 4,000 ni náítírójìn ti ń pín. Lókè lọ́hùn-ún, ní 100 kìlómítà, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ débi pé mólékù kan lè rìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kó tó kọlu ẹlòmíràn. Ìdárayá ìrọ̀lẹ́ kò sí mọ́, ẹni tó ń kó àwọn asáré lọ sì ń wá lójoojúmọ́. Graeme Bird, ará Australia, ló gbé ọ̀nà kan jáde ní 1963 tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní: kọ̀ǹpútà á mú àwọn mólékù aṣojú díẹ̀, á jẹ́ kí wọ́n rìn, á wá ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó kọlu ẹni àti èyí tó bímọ.

Ti àwọn onímọ̀ ìṣirò pọ́ńbélé kò ní gùn. Ìdọ́gba Boltzmann wà láti 1872. Ó di 1989 kí DiPerna àti Lions tó fi hàn pé ó ní ojútùú fún gbogbo ìgbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí tó bójú mu. Lions gba àmì-ẹ̀yẹ Fields, tí wọ́n fi ń dá onímọ̀ ìṣirò lọ́lá, ní 1994. Ẹ fi ìyípadà kẹ́míkà kún un, kí ẹ wá wo bí iṣẹ́ tó kù ṣe pọ̀ tó fún ọmọ tó bá fẹ́.

Ọmọ kan nawọ́. "Sà, ṣé ó máa jáde nínú ìdánwò?" Mo ní rárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà kan, aláró ni wọ́n, wọ́n dìde lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Olùkọ́, ẹ ní afẹ́fẹ́ yìí yára ju ohùn lọ. Kí ló wá dé tí ibi tí aṣọ ti ká pọ̀ kì í tètè ṣú?"

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún wọn, torí ìbéèrè wọn dára ju ti gbogbo wa lọ. Mo ní, "Mà, ó ń yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í lọ tààrà. Bó bá rìn bíńtín, wọ́n á gbá a padà, á tún yà. Bí kò bá sí atẹ́gùn, ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta ló fi ń rìn jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà kan. Kó tó rìn jìnnà tó mítà kan, wákàtí méje ni. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Kí ọ́síjìn tó wá rápálá wọ inú ibi tó ká pọ̀, tó tún tutù, á pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tẹ́ aṣọ tí ẹ sì ń fẹ́ ẹ." Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo fi bí wọ́n ṣe ń fẹ́ aṣọ hàn.

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní àlàyé yẹn yé àwọn, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ẹ bí mo ṣe fẹ́ ẹ yẹn, ilẹ̀ ni aṣọ máa bọ́ sí, kí n yà lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Ajé kí àwọn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dì í mú.